Mẹ́ta Ju Mẹ́rìnlá Lọ

Kí n jókòó kẹ̀? Kí n jókòó lórí kí ni, Tísà? Hàbá! Mi ò jókòó. Okun o, mo kí yín, torí ìyá mi ní bó ti wù kí inú bí mi tó, kí n máa kí àgbà, àmọ́ ìkíni ti tán, ọ̀rọ̀ ló kù. Mẹ́ta àti mẹ́rìnlá, èwo ló pọ̀ jù? Ẹ dá mi lóhùn. Ẹ̀yin tí ẹ fi ọgbọ̀n ọdún ó lé kọ́ àwọn ọmọ Kabba ní ìṣirò, ẹ̀yin tí ẹ na èmi Agatha yìí ní kíláàsì kẹta torí pé mo ní mẹ́jọ lọ́nà méje jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́ta, ẹ bá mi ṣe èyí lónìí. Mẹ́ta àti mẹ́rìnlá.

Ẹ má sọ pé wọ́n yàtọ̀ síra o. Mo rí i lẹ́nu yín pé ohun tí ẹ fẹ́ sọ nìyẹn. Ní Sátidé, ẹ̀yin akọ̀wé ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ọmọbìnrin, ẹ dúró láàrin pápá, ẹ di maíkì mú, gbogbo ayé ń gbọ́, àwọn ará Iyara, àwọn ará Ogidi, títí dé orí àwọn tó ti Igbaruku wá, ẹ ní ọmọ kan ṣoṣo tó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù ní Àbújá, tí wọ́n máa kọ́ ní ìwé, tí wọ́n máa kọ́ ní bọ́ọ̀lù, ọdún mẹ́ta gbáko lọ́fẹ̀ẹ́, Destiny ni, ọmọ ẹgbẹ́ Iyara. Destiny tó gbá gólù mẹ́ta. Zipporah ọmọ mi gbá mẹ́rìnlá. Mẹ́rìnlá, Tísà! Nínú gbogbo àwọn ọmọ tó kù, kò sẹ́ni tó gbá tó mẹ́sàn-án, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀yin lẹ kọ ọ́.

Mo ti dìde o! Kí ẹ tó pe orúkọ, mo ti dìde, mo ti tún ìró mi ró. Inúmidùn aládùúgbò mi ti ń tì mí lẹ́yìn pé, "Ìyá Zipporah, tẹ̀ síwájú, kí fọ́tò lè gbé ọ." Mo ti rìn dé ibi ìlà tí wọ́n fi eérú fà yẹn kí n tó gbọ́ "Destiny." Ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, Tísà, kí èèyàn fẹ́ padà sẹ́yìn kí gbogbo ìlú máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀? Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mò ń ṣe bíi pé okùn bàtà mi ló tú. Sílípáàsì ni mo wọ̀. Èmi Agatha, àgbàlagbà, mo bẹ̀rẹ̀ láàrin pápá, mò ń so okùn bàtà tí kò sí.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in, kò burú, èmi náà ì bá rín in bí kì í bá ṣe èmi ni.

Lẹ́yìn náà lẹ wá ń ṣàlàyé. Ta ló bi yín? Ẹ ní Destiny gbá eré méjì, ó ní gólù mẹ́ta, ìyẹn jẹ́ ọ̀kan ààbọ̀ fún eré kan. Ẹ ní Zipporah gbá eré mẹ́wàá, ó ní gólù mẹ́rìnlá, ìyẹn jẹ́ ọ̀kan àti ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Ẹ ní ọ̀kan ààbọ̀ fi díẹ̀ jù ú lọ. Fi díẹ̀! Pẹ̀lú ẹnu yín. Ọmọ tó gba inú òjò lọ sí Odo-Ape, tó gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹrẹ̀ títí a ò fi mọ ojú rẹ̀ mọ́ ti àwọn yòókù. Ọmọ tí àwọn Ogidi fi ọmọbìnrin méjì ṣọ́ bí ẹni ṣọ́ olè, tó ṣì gbá méjì wọlé mọ́ wọn lójú. Sátidé mẹ́wàá, kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Òun lẹ wá fi díẹ̀ jù!

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí Destiny ti rí gólù mẹ́ta tirẹ̀, bí ẹ bá ti gbàgbé. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ Makutu tí wọ́n bá gbá ní ìdánwò, tó jẹ́ ọmọ mẹ́jọ péré ló wá, ọjọ́ yẹn ló gbá méjì. Èyí tó kù, pẹ́nárítì ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni ibà gbé e dè. Ọmọ náà dùbúlẹ̀, Tísà, ó sì ń yege lórí ẹní! Bó ti ń sùn, ọ̀kan ààbọ̀ rẹ̀ ń sùn tì í, kò dín, kò sẹ́ni tó yọ ọ́ lẹ́nu. Ọmọ tèmi ń sáré nínú oòrùn, gbogbo Sátidé tó bá jáde ni wọ́n ń gé tirẹ̀ kù. Irú ìṣirò wo nìyẹn? Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, ẹ bá mi wá a nínú ìwé yín.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀gẹ́ sọ ọ́, bóyá ẹ máa gbọ́ ti ẹ̀gẹ́. Àwa obìnrin mẹ́fà la jọ ń dá àáró lápá ibí yìí, ẹ mọ̀ wá. Lọ́jọ́ tí a bá ń bó ẹ̀gẹ́ ẹnìkan, ká ní obìnrin kan dé láàárọ̀ kùtù, ara rẹ̀ yá, ọ̀bẹ rẹ̀ mú, ó bó agbọ̀n mẹ́ta kíákíá, ó ní inú ń run òun, ó lọ sílé. Ẹnì kejì jókòó látàárọ̀ títí oòrùn fi rọ̀, ẹ̀yìn ń dùn ún, ọ̀bẹ ti kú, ó bó agbọ̀n mẹ́rìnlá. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ṣé ẹ máa wá sọ fún wa pé ẹni tó lọ sílé ló bó ẹ̀gẹ́ jù, torí pé ọwọ́ rẹ̀ yá nígbà tó ń bó o? Gààrí tó wà nínú àpò ńkọ́, ẹ̀gẹ́ ta ni wọ́n fi dín in?

Ẹ ní kí ni? Òfin. Ẹ ní òfin ni. Ẹ ní gbogbo ìlú ló fọwọ́ sí i. Ẹ ní torí pé ọ̀nà ò dára, àwọn ìlú mìíràn ò lè gbá eré tó pọ̀ bíi tiwa, kí ọmọ wọn má baà pàdánù torí ibi tí wọ́n bí i sí. Ó dáa. Mo gbọ́. Kò burú, àánú wà níbẹ̀, mi ò sọ pé kò sí. Àmọ́ ẹ̀yin ọkùnrin méje tí ẹ jókòó yí tábìlì ká, tí ẹ mu omi oníke tán, ṣé kò sí ẹyọ kan nínú yín tó lè sọ pé ẹni tí kò bá tíì gbá tó eré márùn-ún, kí a má kà á mọ́ ọn? Ẹyọ kan? Ẹ̀yin gan-an, Tísà?

Ẹ̀ ń mi orí pé rárá.

Ẹ ò rò ó. Jésù Màríà! Ẹ ò tilẹ̀ rò ó. Mo ti ń sọ ọ́ lọ́kàn mi láti Sátidé pé bóyá ẹnìkan ń gbìmọ̀, bóyá wọ́n fún ẹnìkan ní nǹkan, mo sì ti ń wá orúkọ ẹni tí mo máa gbé fún Màríà Mímọ́ kó bá mi jà. Ẹ̀yin kàn gbàgbé ni. Ẹ gbàgbé ọmọ mi bí ẹni gbàgbé iyọ̀ sí ọbẹ̀.

Ẹ lé ewúrẹ́ yẹn kúrò nídìí iṣu yín, ó ń jẹ ẹ́. Ẹ lé e.

Ohun tó ń dùn mí ni pé mi ò rí ẹni tí mo máa bú. Mi ò rí ẹni kankan! Mo ní kí n bú Destiny. Lánàá, lẹ́yìn Máàsì, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló wá sílé wa, òun àti ìyá rẹ̀ Monica, wọ́n gun ọ̀kadà láti Iyara. Ọmọ náà rù, eyín àti ojú ló kù, ibà ti jẹ ẹ́ tán. Ó kúnlẹ̀ síwájú mi, ó ní, "Màmá, kì í ṣe èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Zipporah máa lọ, ọdún tó ń bọ̀ ni n ó lọ tèmi." Ìyá rẹ̀ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òun ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń ka orúkọ ọmọ òun mọ́ ọn, pé òògùn lòun ń fún un lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wá pè wọ́n sí pápá. Ẹ sọ fún mi, báwo lèèyàn ṣe ń bú irú àwọn wọ̀nyí? Mo gbé omi fún wọn. Mo bu ẹ̀wà fún wọn, wọ́n jẹ ẹ́. Zipporah ò ṣílẹ̀kùn. Ó dá wọn lóhùn láti inú yàrá pé kí Destiny máa lọ, pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, pé kó gbádùn Àbújá. Ohùn rẹ̀ tutù bí ẹni pé owó omi ló ń sọ.

Bàbá rẹ̀ náà ńkọ́? Andrew ti ra báàgì. Báàgì aláwọ̀ búlúù tó ní táyà lábẹ́. Ó ti sọ fún Fáàdà, Fáàdà ti gbàdúrà fún un lójú gbogbo ìjọ. Báàgì náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Kí lẹ sọ?

Ẹ tún un sọ.

Ta ló sọ ìyẹn fún yín? David? Kóòṣì David ló sọ fún yín pé òun wá bá mi? Ó sọ fún yín nígbà wo?

Ẹ gbé àga yẹn fún mi, Tísà. Rárá, èyí tó súnmọ́ yín yẹn. Ẹ ṣeun.

Òótọ́ ni. Ó wá. Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí, mo sì gbàdúrà lójú ọ̀nà pé kí ẹ má bi mí. Lẹ́yìn eré keje ni, ọjọ́ Túsìdé. Mò ń sá káṣú lẹ́yìn ilé, Zipporah ti lọ síléèwé. Nígbà yẹn, gólù mẹ́rìnlá náà ti pé. Nínú eré méje ló gbá gbogbo rẹ̀, ẹ ò rí i bí? Ìparí eré keje yẹn náà ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. David wá, ó fi ọ̀wọ̀ kí mi, ó ní, "Màmá Zipporah, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọmọ yìí sinmi. Ìpíndọ́gba rẹ̀ ti dára, méjì ni, kò sẹ́ni tó lè bá a. Ìpíndọ́gba ni wọ́n fi ń yan ẹni tó ń lọ. Bó bá jókòó títí ìdíje fi parí, òun náà ni."

Ìpíndọ́gba. Tísà, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ. Ìpín. Dọ́gba. Ṣé kì í ṣe Yorùbá ni? Nígbà tí ẹ̀ ń kọ́ wa níléèwé, áfárééjì lẹ pè é, mi ò sì mọ̀ ọ́n nígbà náà, ẹ nà mí sí i. Rédíò ni David ti gbọ́ ìpíndọ́gba, lẹ́nu àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù láti Ìbàdàn lọ́hùn-ún, Yorùbá àwọn ará ibẹ̀. Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló sọ, ǹ bá bi í pé kí nìyẹn. N bá sọ pé, "Kóòṣì, mi ò mọ̀wé púpọ̀, ṣàlàyé." Yorùbá ló sọ! Ta ló ń bèèrè ìtumọ̀ Yorùbá lọ́wọ́ ọmọdé? Mo gbọ́ ọ, ó yé mi, bó ṣe yé mi ló bà mí jẹ́ yìí.

Àwa tí à ń dá àáró, ìgbà kan ṣoṣo ni ìpín máa ń dọ́gba. Ìgbà tí ọjọ́ kálukú bá pé. Fẹ̀hìntọlá tó ń bá wa dá a, ọdún kan, àìsàn ọmọ mú un, ó pa ọjọ́ méjì jẹ. Nígbà tó kan oko rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ní ká má wá tán, ó ní, "Ọjọ́ mi ò pé, mi ò lè ní kí ìpín mi dọ́gba." Bí a ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn ọ́, wá. Bí o ò bá lè bó ẹ̀gẹ́, wá jókòó sábẹ́ igi, máa pọn omi fún àwọn tó ń bó o, kí wọ́n ṣáà rí ọ, kí wọ́n lè kà ọ́. Ọkùnrin kan wá dúró níwájú mi, ó ní ìpíndọ́gba ni wọ́n máa fi yan ọmọ, ó sì tún ní kí ọmọ mi pa Sátidé mẹ́ta jẹ. Kí lẹ fẹ́ kí n rò? Mo ní ó fẹ́ gé ìpín ọmọ mi ni. Mo ní ó fẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ má pé.

Mo bú u, Tísà. Ẹ ò gbọ́ irú èébú tí mo bú ọmọ yẹn. Ẹ mọ̀ pé Praise, àbúrò ìyàwó rẹ̀, ló máa ń jókòó síta tí kì í rí àyè gbá. Mo ní, "David, àbúrò ìyàwó rẹ lo fẹ́ fi rọ́pò ọmọ mi. O rí i pé ọmọ òtòṣì ń lọ sí Àbújá, ó ń gbóná fún ọ lọ́rùn." Ọmọ tí kò gba kọ́bọ̀ lórí bọ́ọ̀lù yẹn, tó ń fi epo ọ̀kadà ara rẹ̀ gbé àwọn ọmọ kiri. Ó ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé." Mo ní kó kúrò nílé mi kí n tó da omi sí i lára. Ó ní, "Ó dáa, Màmá." Ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ. Mo tún ń fọ́nnu fún Inúmidùn lórí odi pé mo ti lé olè lọ.

Èmi ni mo gbé e lọ sí pápá ní Sátidé kẹjọ. Kó má baà jẹ́ pé David ò ní fi í sí i, èmi fúnra mi ni mo jókòó tì í. Mo ti fi òrí àti omi gbóná wọ́ ẹsẹ̀ náà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọmọ náà ní, "Màmá, ó ń dùn mí." Mo ní ọjọ́ rẹ gbọ́dọ̀ pé. Ó ní, "Màmá, mi ò lè fi gbá a." Mo ní kò burú, ìwọ ṣáà sáré, kí wọ́n rí ọ. Ẹ mọ Zipporah, ọmọ tí wọ́n bá ní kó dúró á dúró. Ó wọ bàtà. Ó ń sáré bí adìẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀, èmi ń pariwo láti ẹ̀gbẹ́ pé, "Sáré, sáré, kí lò ń ṣe!" Òfo. Sátidé kẹsàn-án, òfo. Ẹ̀kẹwàá, wọ́n fún wọn ní pẹ́nárítì, ó ní kí ẹlòmíràn gbá a, èmi Agatha ni mo na ọwọ́ mi yìí sí i láti ìta pé òun ni kó gbá a, gbogbo wọn rí mi. Ó fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún gbá a. Bọ́ọ̀lù náà yí lọ sọ́wọ́ gólìkípà wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹyọ kan yẹn. Ó ṣe, ẹ ò ní láti sọ ọ́ fún mi, mo ti ṣírò rẹ̀. Bó bá wọlé, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ì bá jẹ́, òun àti Destiny ì bá jọ wà lórí ọ̀kan ààbọ̀. Mo ti ṣírò gbogbo rẹ̀. Lánàá, nígbà tí Monica àti ọmọ rẹ̀ lọ, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo fi ìka gbẹ́ ihò méje sílẹ̀, mo ka kóró káṣú mẹ́rìnlá, mo pín in. Méjì méjì. Ó pé, ó dọ́gba, ẹyọ kan ò ṣẹ́ kù. Mo wò ó títí. Mo wá gbẹ́ ihò mẹ́ta sí i, mo kó káṣú jáde, mo tún un pín. Ọ̀kan ọ̀kan, mẹ́rin ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi, kò yí ihò ká. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí David ń sọ. Àádọ́ta ọdún ó dín díẹ̀ ni mo fi ń sọ Yorùbá, orí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn ilé ni mo ti mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan. Mo fi orí kanlẹ̀, Tísà. Mo sunkún títí ajá fi wá ń wò mí.

Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n nu ojú. Ìró mi tó, ẹ má wá aṣọ.

Mo ní kí n wá bú yín. Mo rò pé bí mo bá bú yín tó, ó máa fúyẹ́. Ẹ jẹ̀bi o! Mi ò sọ pé ẹ ò jẹ̀bi. Òfin tí kò ka iye ọjọ́, òfin kò-dáa ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n ó wá jókòó sí iwájú ilé yín yìí lójoojúmọ́, ẹ mọ̀ mí. Àmọ́ ìyẹn ò ní mú kí Zipporah tún gbá bọ́ọ̀lù.

Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe ní Sátidé? Kò sunkún. Bó bá sunkún, n bá mọ ohun tí n ó ṣe. Ó dé ilé, ó bọ́ bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó fi igi yọ ẹrẹ̀ ìdí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gbé e sóòrùn. Nígbà tó gbẹ, ó fi í fún ọmọ Inúmidùn. Bàtà tí bàbá rẹ̀ rà nígbà tí káṣú wa tà. Láàárọ̀ yìí, ó mú ọkọ́, ó ní òun ń bá mi lọ sóko. Mo ní, "Iléèwé ńkọ́?" Ó ní òun á parí ìwé, àmọ́ òun fẹ́ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ. Mo ní, "Bọ́ọ̀lù ńkọ́?" Ó wò mí, Tísà, ó fi ojú àgbà wò mí, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ní, "Màmá, mo kàn ń fò kiri ni. Ẹ rí eré mẹ́ta tó gbẹ̀yìn bí mo ṣe gbá a. Destiny sàn jù mí lọ. Ìṣirò kì í parọ́, Tísà Ọbalolúwa ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yín ló fi dá mi lóhùn. Ọ̀rọ̀ yín!

Ó gbà á gbọ́. Ohun tó ń pa mí nìyẹn, kì í ṣe Àbújá. Ẹ jẹ́ kí Destiny máa lọ sí Àbújá ní Tọ́sìdé, kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ, ọmọ dáadáa ni, mi ò ní gba àyè lọ́wọ́ ọmọ tí ibà ń dá. Àmọ́ Zipporah rò pé òun ò mọ̀ ọ́n gbá. Ó rò pé ẹsẹ̀ òun ló purọ́ fún òun ní Sátidé méje, tí òótọ́ wá hàn ní mẹ́ta. Èmi ìyá rẹ̀ ni mo ṣe é, òun ló ń ru ú, kò sì mọ̀. David ò sọ fún un. Ọmọ yẹn tí mo bú, kò sọ fún un! Ẹ̀yin náà lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé ó ní òun ò fẹ́ bà mí jẹ́ lójú ọmọ mi.

Mo ti gbìyànjú. Mo fi Ọlọ́run búra, mo ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta. Lójú ọ̀nà oko lónìí, mo ní, "Zipporah," ó ní, "Màmá," mo ní, "Ṣọ́ra, ẹ̀gún wà níbẹ̀." Ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Ọmọ tó ní ó ń dun òun, tí mo ní kó máa sáré. Bó bá wá bi mí pé, "Màmá, ẹ mọ̀?" kí ni n ó sọ? Mi ò mọ̀, ìyẹn ni òótọ́, àmọ́ ẹni tó mọ̀ wá sọ fún mi, mo sì fi omi lé e.

Torí náà, ẹ máa bá mi lọ nísinsìnyí, Tísà. Rárá, kì í ṣe lọ́la. Bí ẹ bá ní lọ́la, n ó ti rí ẹlòmíràn bú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ ò ní sọ ọ́ fún mi, èmi ni n ó sọ ọ́, ẹ kàn jókòó síbẹ̀. Bí mo bá yà sí ọ̀rọ̀ òfin, bí mo bá yà sí ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin méje, ẹ pè mí, ẹ ní, "Agatha, sọ ohun tí o ṣe." Ẹ fi ohùn tí ẹ fi ń nà wá nígbà náà sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, n ó lọ sílé David, n ó kúnlẹ̀ fún un, ìyẹn kò kàn yín.

Ìwé tí ẹ kọ orúkọ wọn sí dà? Ìwé gbọọrọ yẹn. Ẹ gbé e wá. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ṣí i. Mi ò ní kí ẹ yí ohun tí ẹ ti kà ní pápá padà, mo ní kí ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ fa ìlà sórí mẹ́wàá yẹn. Ẹ kọ ọ́: Zipporah, eré méje, gólù mẹ́rìnlá. Ẹ jẹ́ kí n wò ó. Ó dáa.

Ẹ má tíì pa ìwé dé. Eré mẹ́ta ṣẹ́ kù, ó ní ẹni tó gbá a. Ẹ kọ orúkọ mi sábẹ́ tirẹ̀: Agatha, eré mẹ́ta, òfo. Ẹ kọ ọ́ kó hàn dáadáa, torí òun ló máa kà á. Ẹ mú un dání, ká lọ.